Fìtílà Kan Ṣoṣo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Píánò

Ọ̀rọ̀ orí rédíò nípa Sviatoslav Richter

(Kí orin kọ́kọ́ dún fún ìṣẹ́jú kan: Schubert, Sònátà D. 960, ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní. Kí ó rọra wálẹ̀ kí ohùn tó wọlé.)

Bí ẹ bá ti nawọ́ sí rédíò láti yí ohùn rẹ̀ sókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Ọkùnrin tó ń tẹ píánò tí ẹ gbọ́ tán yìí ló fẹ́ kó rọra tó bẹ́ẹ̀. Schubert, ọmọ Vienna, ló kọ orin náà ní 1828, ọdún tó kú gan-an. Apá kìíní rẹ̀ nìkan, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni ọ̀pọ̀ atẹpíánò máa ń fi tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tiwa yìí a máa lò tó ìṣẹ́jú 24. Ní 1957, Glenn Gould, gbajúgbajà atẹpíánò ará Kánádà, wà ní Moscow, ó sì lọ jókòó gbọ́ ọ. Gould kì í ní sùúrù fún Schubert. Àtúnsọ inú orin rẹ̀ máa ń sú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní kò pẹ́ tí òun fi gbàgbé pé orin ń falẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti gbé ẹ̀mí òun lọ.

Sviatoslav Richter ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mú wá.

Kí n tó sọ ibi tí wọ́n ti bí i, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ gbọ̀ngàn kan ná, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ ti sanwó, ẹ ti jókòó, ẹ ń wo píánò ńlá dúdú tó wà lórí pèpéle. Lójijì, òkùnkùn ṣú. Wọn kò mú iná lọ o. Òun ló ní kí wọ́n pa á. Fìtílà kékeré kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì kọjá ojú ìwé orin. Bàbá àgbà kan jáde, ó sígbọnlẹ̀, orí rẹ̀ pá. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kò rí ojú rẹ̀. Ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí ni èèyàn fẹ́ rí lójú atẹpíánò bí kò ṣe làálàá? Orin ni kí wọ́n wá gbọ́.

Àwọn kan ní ọgbọ́n àtifa èrò ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ka ìtàn ayé ọkùnrin yìí, tí mo sì ń gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó ti darúgbó, níwájú kámẹ́rà Bruno Monsaingeon, ọmọ Faransé tó ya fíìmù nípa rẹ̀, ohun tí mo rí ni ẹni tó ti ń wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí láti kékeré. Inú orin nìkan ló ti rí i.

Ọjọ́ 20 Oṣù Kẹta ọdún 1915 ni wọ́n bí i sí ìlú Zhytomyr. Ukraine ni ìlú náà wà lónìí. Nígbà náà, abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ló wà. Teofil, bàbá rẹ̀, wá láti ìdílé Jámánì tó ti tẹ̀dó sí ilẹ̀ náà. Anna, ìyá rẹ̀, ọmọ Rọ́ṣíà ni, láti ìdílé ọlọ́lá. Atẹpíánò ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni gbogbo ayé ń pe Richter, àwa náà kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ Jámánì yẹn sọ́kàn. Yóò pa èèyàn kan nínú ilé wọn.

Teofil ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Vienna, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ píánò àti ọ́gáànù. Odessa, ìlú èbúté létí Òkun Dúdú, ni ó fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn náà, ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin, ó sì ń tẹ ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Lútérù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ọ́gáànù fún ìjọ mọ irú ayé bẹ́ẹ̀: a ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kì í sábà rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a mọ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ọmọ wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Zhytomyr, àwọn òbí wà ní Odessa, àìsàn ibà tífọ́ọ̀sì tún dá bàbá dùbúlẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọn kò fojú kan ara wọn. Àǹtí náà máa ń yàwòrán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Richter ti kó ìfẹ́ àwòrán tí kò fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Òun náà ń yàwòrán dáadáa, kì í ṣe ti eré.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní píánò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọn kò kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ là á lọ́nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò gbà láti jókòó máa tẹ dò-re-mí lọ dò-re-mí bọ̀ bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe. Ohun tó wù ú ló ń tẹ̀. Ìwé orin ọ́pẹ́rà ló ń kà bí ọmọ mìíràn ṣe ń ka ìwé ìtàn, Wagner pàápàá. Àbájáde ẹ̀ ni pé nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, ó ti ń bá àwọn akọrin ṣiṣẹ́, kò sì pẹ́ tí ilé ọ́pẹ́rà Odessa fi gbà á síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, nítorí òun ló ṣe ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ́pẹ́rà dánra wò, wọn kì í kó gbogbo ọ̀kẹ́sírà jọ lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ á pọ̀ jù. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi sídìí píánò, kó máa fi ìka mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ àwọn afọnfèrè, àwọn ataagóòjé àti àwọn onílù pọ̀, kí akọrin lè mọ ibi tí òun yóò ti gbà wọlé. Tí akọrin bá ṣìnà, òun ló máa lọ mú un padà. Lọ́jọ́ eré gan-an, òun kọ́ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Richter ṣe é títí tó fi di ọmọ ọdún 22. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí píánò rẹ̀ kì í fi dún bíi píánò lásán. Bó bá tẹ ohùn ìsàlẹ̀, ẹ ó gbọ́ fèrè ńlá níbẹ̀. Bó bá tẹ tòkè, ẹ ó ṣe bí ẹni pé èèyàn ló ń kọrin. Ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹta 1934, ó kù ọ̀la kó pé ọmọ ọdún 19, ó dá nìkan tẹ píánò fún àwọn èèyàn ìlú rẹ̀ nínú ilé ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní Odessa. Orin Chopin ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní 1937, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Moscow láti wá Heinrich Neuhaus.

Neuhaus ni ọ̀gá tí àwọn ọmọ tó mọ̀ nípa píánò ń lé kiri nígbà náà. Lójú àwọn olùkọ́ mìíràn, ọmọ ọdún 22 tí kò ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ orin kankan lọ́wọ́, tó ń bọ̀ láti Odessa, ẹ̀fẹ̀ ni. Neuhaus ní kó jókòó kó tẹ ohun tó bá mọ̀. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ jìnnà tí Neuhaus fi fẹnu sí etí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì í, ó sọ fún un pé lójú tòun, ẹni tí a ń pè ní jíníọ́sì rèé. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó máa ń sọ pé òun kò rí nǹkan púpọ̀ kọ́ ọmọ náà.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Moscow, dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí kíláàsì ìṣèlú, kó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múnísìtì. Richter kò lọ. Kò jà, kò pariwo, ó kàn ń yẹra ni. Wọ́n lé e. Ó padà sí Odessa. Neuhaus kọ lẹ́tà sí i pé kó máa bọ̀, ó sì padà. Wọ́n tún lé e. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò nílé ní Moscow. Ilé Neuhaus ló ń sùn, lábẹ́ píánò. (Ilé yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀: Zinaida, ìyàwó Neuhaus àkọ́kọ́, ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ́ akéwì Boris Pasternak, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin méjèèjì kò dẹ́kun láti máa jẹ́ ọ̀rẹ́. Èyí kì í ṣe ohun tí mo lè ṣàlàyé fún yín.)

Ohun kan wà tí Richter gbà pé Neuhaus kọ́ òun, ìyẹn ìdákẹ́jẹ́. Àyè òfìfo inú orin, ibi tí ìka ti kúrò lórí píánò, òun náà orin ni. Ó ní bí òun bá fẹ́ tẹ Sònátà Liszt, òun a jáde, òun a jókòó, òun a sì dákẹ́, òun a máa ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n nínú ọkàn kí òun tó fọwọ́ kan ohùn àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, wọ́n á rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ti ń bà wọ́n dáadáa ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ dán an wò lórí afẹ́fẹ́ níbí, àmọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wa ní kí n má dán an wò, wọ́n á rò pé ilé-iṣẹ́ ti kú.

Lóṣù Kẹfà ọdún 1941, Jámánì kọlu ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì tó bá ń jẹ́ orúkọ Jámánì di ẹni ìfura láàárín òru ọjọ́ kan. Wọ́n mú Neuhaus fúnra rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n tì í mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n lé e kúrò ní Moscow. Ní Odessa, wọ́n ti sọ fún Teofil àti Anna pé kí wọ́n kó lọ kí ọ̀tá tó dé. Ọkùnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn, Kondratiev, tó ní àìsàn kò jẹ́ kí òun lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Anna ní òun kò lè fi í sílẹ̀. Bí Richter ṣe sọ ọ́ nígbà ogbó rẹ̀ nìyí: ìyá kò fẹ́ lọ nítorí Kondratiev, bàbá kò fẹ́ lọ nítorí ìyá. Lọ́dún náà, ìjọba tiwọn, kì í ṣe ti Jámánì, mú Teofil, wọ́n pè é ní amí ọ̀tá, wọ́n sì yìnbọn pa á lóṣù Kẹwàá. Kò pẹ́ tí ọ̀tá wọ Odessa. Nígbà tí ogun sì yí padà, Anna bá àwọn tó ń sá lọ lọ sí Jámánì. Kondratiev tó ń ṣàìsàn dìde, ó bá a lọ, ó fẹ́ ẹ, ó sì sọ ara rẹ̀ di Richter.

Ọdún 19 ni ọmọ kò fi fojú kan ìyá.

Ẹ máa retí kí n sọ pé Richter sọkún, tàbí pé ó sá kúrò ní ilẹ̀ náà. Kò sí ìkankan. Ohun tó ṣe ni pé ó ń tẹ píánò káàkiri ilẹ̀ tó pa bàbá rẹ̀, nínú òtútù, nínú ìlú tí bọ́ǹbù ń bọ́ lé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ó tẹ píánò ní Leningrad nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì kò tíì kúrò lẹ́yìn odi ìlú náà. Ìbúgbàù ti fọ́ gíláàsì fèrèsé gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn wọ kóòtù wọn jókòó. Ó ní ara òun gbóná ní tòun, nítorí òun ń ṣiṣẹ́.

Ní àárín ogun yìí náà ni Sergei Prokofiev fún un ní ìwé orin Sònátà Keje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni Richter fi kọ́ ọ. Ọjọ́ 18 Oṣù Kìn-ín-ní 1943 ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn ní Moscow. Ogun Stalingrad ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì já ọ̀nà tóóró kan wọ Leningrad, ìlú tí ebi ti ń pa láti 1941. Ẹ wá gbọ́ apá tó kẹ́yìn. Méje-méje ni ìlù rẹ̀ ń lọ. Ẹ bá mi fi ọwọ́ lu tábìlì: ení-èjì, ení-èjì-ẹ̀ta, ení-èjì. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má dúró.

(Kí orin wọlé: Prokofiev, Sònátà Keje, apá kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.)

Ẹ gbọ́ ọ bí? Kò sáré sí i, kò falẹ̀, ńṣe ló ń bọ̀ bí ọkọ̀ ogun tí kò ní bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ lónìí nínú ìdíje láti fi agbára ìka hàn. Nígbà tí Richter ń tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ìka. Prokofiev fi Sònátà Kẹsàn-án rẹ̀ jọ ọ́ lẹ́yìn ogun.

Ní àwọn ọdún 1940 wọ̀nyẹn ló pàdé Nina Dorliac, akọrin obìnrin tí òun náà gbajúmọ̀. Wọ́n jọ gbé títí ikú fi yà wọ́n. Nina ló ń mọ ọjọ́, tó ń mọ wákàtí, tó ń mọ iye owó tó kù nílé. Richter kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí Nina bá ń kọrin, Richter á lọ jókòó sídìí píánò lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ilé ọ́pẹ́rà Odessa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Oṣù Kẹta 1953. Richter wà ní Tbilisi, ní ilẹ̀ Georgia, fún iṣẹ́. Wáyà dé pé kó padà sí Moscow kíá: Stalin, olórí ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ti kú. Ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni èyí tí wọ́n fi ń kó òdòdó lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n fi Richter sí àárín òdòdó. Ojú ọjọ́ kò dára, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí Sukhumi lọ́nà, wọ́n sun ibẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé gbọ̀ngàn tí wọ́n tẹ́ òkú sí, òun àti David Oistrakh tó ń ta fayolíìnì àti àwọn mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n máa lo ohun èlò orin wọn bí èrò ṣe ń kọjá. Píánò tí wọ́n fún un, pẹ́dàlì rẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Richter bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe ki ìwé orin bọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rí i tí ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dà rú. Bóyá wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Ọjọ́ tí Stalin kú, 5 Oṣù Kẹta, ọjọ́ náà gan-an ni Prokofiev kú, ní Moscow náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìwé ìròyìn kò ráyè fún un. Èrò tó ń lọ wo òkú Stalin dí gbogbo òpópónà, ó ṣòro láti gbé pósí rẹ̀ jáde nílé. Òdòdó sì ti tán nínú ìlú, gbogbo rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Stalin, títí kan èyí tó bá Richter wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Oṣù Kejì 1958, ó tẹ píánò ní Sofia, ní Bùlgáríà, nínú ọ̀gìnnìtìn, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àwo yẹn ni èmi fi kọ́kọ́ gbọ́ Richter, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti da kọ lára òmíràn, tí wọ́n tún da kọ. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń wúkọ́. Orin Mussorgsky ló ń tẹ̀, èyí tó ń mú wa rìn láti iwájú àwòrán kan dé òmíràn, ìka rẹ̀ sì ṣi ilẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Kó tó parí, mo ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń wúkọ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Ìdíje Tchaikovsky àkọ́kọ́ ní Moscow. Van Cliburn, ọmọ Texas, wá díje. Wọ́n ní Richter fún un ní máàkì tó pọ̀ jù lọ, ó sì kọ òdo sí ọ̀pọ̀ àwọn tó kù. Cliburn gba ipò kìíní. Wọn kò tún rí Richter mú joyè adájọ́ mọ́.

Ìlú òyìnbó, Amẹ́ríkà pàápàá, ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ láìfojú kàn án. Nígbà tí Emil Gilels, òun náà ọmọ Odessa, òun náà ọmọ Neuhaus, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1955, tí wọ́n ń yìn ín, wọ́n ní ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n dúró dìgbà tí wọ́n bá gbọ́ Richter. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n dúró. Ìjọba kò fẹ́ jẹ́ kó jáde: ìyá rẹ̀ ń gbé ní Jámánì, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rẹ́ Pasternak sì ni, akéwì tí ìjọba ti dójú tì nítorí ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹfà 1960 tí wọ́n sin Pasternak ní abúlé Peredelkino, Richter lọ jókòó sídìí píánò inú ilé náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé wo òkú. Ẹni tó bá mọ ayé ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé èyí gba àyà.

Síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹwàá 1960, ó tẹ Kọnṣẹ́tò Kejì Brahms pẹ̀lú ọ̀kẹ́sírà Chicago. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy. Ẹ bi Richter léèrè, yóò ní ó wà lára àwo tó burú jù tí òun ṣe láyé òun. Ó lọ sí Carnegie Hall ní New York, ó dá nìkan tẹ píánò lálẹ́ lẹ́yìn alẹ́, gbọ̀ngàn ń kún àkúnya.

Amẹ́ríkà yìí náà ni ó ti tún rí ìyá rẹ̀, òun àti Kondratiev. Ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ṣókí. Lẹ́yìn náà ó lọ kí wọn nílé wọn ní Jámánì. Ó ní òun dé ẹnu ọ̀nà, òun rí orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn: S. Richter. Ó yà á lẹ́nu pé kí ni orúkọ òun ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tó yá ló rántí pé Sergei ni Kondratiev ń jẹ́.

Amẹ́ríkà kò wù ú. Ariwo pọ̀, ó ní. Ní 1970, nígbà tí òun àti Oistrakh ń ṣeré ní Carnegie Hall, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn sí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì dá gbọ̀ngàn rú. Kò padà síbẹ̀ mọ́ títí láé, iyekíye tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Ibi tó wù ú ni abà. Mo ní abà. Nítòsí ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé, ó rí abà ńlá kan, Grange de Meslay, tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí ọdún 1200 ó lé, ibi tí wọ́n ń kó ọkà sí. Ó ní ibí ni òun fẹ́. Láti 1964 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin níbẹ̀. Ní 1986, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó wọ mọ́tò, ó la Siberia já dé etí òkun lápá ìlà-oòrùn, ó sì padà, ó ń dúró ní àwọn ìlú kéékèèké tí atẹpíánò olókìkí kan kò dé rí. Ó lè tẹ píánò ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Píánò tó bá bá níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó tẹ̀ ẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, kì í tilẹ̀ í yẹ píánò wò ṣáájú. Ó ní bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa píánò, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́.

Bí kò ṣe ń ṣa píánò tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣa orin. Ó tẹ gbogbo ìwé méjèèjì Bach tí wọ́n ń pè ní Well-Tempered Clavier, orin 48, kò fo ìkankan. Ṣùgbọ́n nínú kọnṣẹ́tò márùn-ún Beethoven, kò tẹ Ìkẹrin àti Ìkarùn-ún rí fún àwùjọ, àwọn tó gbajúmọ̀ jù lọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tó, kí ni tòun níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí fìtílà wa. Ní nǹkan bí 1980 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé orin síwájú, ẹni tí gbogbo rẹ̀ ti ń ti orí wá tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀tàn ni kí èèyàn máa tẹ orin láìwo ìwé, ọwọ́ á máa ṣe ohun tó wù ú. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń tàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ní ká sọ orin kalẹ̀ díẹ̀, dò á wálẹ̀, re á wálẹ̀, mí á wálẹ̀, gbogbo wa á jọ wálẹ̀, orin kò bàjẹ́. Ìlù dùndún náà bẹ́ẹ̀: bí ìyáàlù bá lọ sísàlẹ̀ lódindi, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò yí padà, nítorí àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ni etí wa ń gbọ́. Etí Richter kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ mọ orúkọ ohùn kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ tirẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. Nígbà tí ogbó wá dé, gbogbo ohùn ṣí kúrò nípò wọn nínú etí rẹ̀, nígbà mìíràn tó ohùn kan odindi. Ó fi ìka kan ibì kan, ó ń gbọ́ ibòmíràn. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹ ṣí ẹnu pe Táíwò, kí ẹ gbọ́ ara yín tí ẹ ń pe Kẹ́hìndé, fún wákàtí méjì, níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn.

Ìbànújẹ́ máa ń dà bò ó fún oṣù púpọ̀. Nínú ọ̀kan lára ìgbà bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò lè lọ síbikíbi láìmú edé ńlá kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe dání, pupa bí èyí tí wọ́n ti bọ̀. Yóò gbé e dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ìgbà tó bá kan ọ̀rọ̀ píánò ló ń fi í sílẹ̀. Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta 1995 ló ṣe eré tó kẹ́yìn, ní Lübeck, ní Jámánì, ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ó tẹ sònátà Haydn, lẹ́yìn náà òun àti atẹpíánò mìíràn jọ tẹ iṣẹ́ Reger fún píánò méjì. Nínú fíìmù Monsaingeon, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ń kà á fún wa bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Ó dé ibì kan tó ní òun kò fẹ́ràn ara òun. Ó pa ìwé dé.

Ó kú ní Moscow ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹjọ 1997. Nina kú kó tó pé ọdún kan. Ilé wọn lájà kẹrìndínlógún, ní òpópónà Bolshaya Bronnaya, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èèyàn lè wọ ibẹ̀ wo àwòrán rẹ̀ àti píánò rẹ̀. Orin Schubert kan ló ń fi dánra wò nígbà tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀.

A ṣẹ́ Schubert lọ́rùn níbẹ̀rẹ̀ ètò wa. Ó yẹ ká jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa gbà tó ìṣẹ́jú 24. Bí ẹ bá wà nílé, tí kò sí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́, ẹ pa iná yàrá.

(Kí orin padà wá: Schubert, Sònátà D. 960, apá kìíní, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ lé e lórí.)